Ẹ fi etí yẹ fíìmù aláwàdà àtijọ́ wò

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ tó gbé fíìmù aláwàdà àtijọ́ síwájú àwọn ọmọ tó wá lo ọlidé, ẹ yí i dé ìdajì, ẹ kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì fetí sí i fún ìṣẹ́jú 10. Ẹnu ni ọ̀pọ̀ aláwàdà ìgbà yẹn fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ẹnu náà ni wàhálà ti ń wá: èébú abuké, èébú arọ, àlùfànṣá tí wọ́n fi ẹ̀nà bò. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí ẹ ò ní fẹ́ kí ọmọ fi pe màmá elékuru tó ń kọjá lójúde, ẹ yọ ọ́ kíá. Ẹ wo àmì 15 tàbí 18, ìyẹn iye ọdún tí èèyàn gbọ́dọ̀ tó kó tó wò ó, lára páálí fíìmù náà o, àmọ́ 1993 ni òfin tó dá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀ jáde, fíìmù tó jáde ṣáájú rẹ̀ lè má ní àmì náà. Etí ò kúkú lè rí ìmúra tí kò bójú mu. Ti ìyẹn, ẹ sáré yí fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ máa fi ojú wò ó bó ṣe ń kọjá.