Bí A Ṣe Ń Jẹun Ní Ilé Oúnjẹ Ẹlẹ́ja Létí Òkun Ítálì

Tí ẹ bá dé Nápólì, Salerno tàbí Amalfi, ẹ wo aago kí ẹ tó jáde lọ jẹun. Nǹkan bí aago 12:30 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tó bá fi máa di aago 3, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ti paná. Ó di bí aago 7:30 alẹ́ kí wọ́n tó tún dáná. Èyí tó bá ń tà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó tún lẹ àwòrán oúnjẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà, èmi kì í yà síbẹ̀.

Tí ẹ bá ti jókòó, wọ́n á gbé búrẹ́dì wá. Coperto tí ẹ máa rí nínú ìwé owó, owó ìjókòó ni, ó sábà máa ń jẹ́ yúrò 1 sí 3 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Primo, ìyẹn oúnjẹ àkọ́kọ́, ni pasta tàbí ìrẹsì; secondo, èyí tó tẹ̀lé e, ni ẹja tàbí ẹran. Kò di dandan kí ẹ jẹ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹja secondo sábà máa ń dá wá nínú àwo ni, kò sí ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n fi contorno kún un, ìyẹn ẹ̀fọ́ tàbí ànàmọ́ òyìnbó.

Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àlejò rèé o. Tí ẹ bá rí all'etto níwájú ẹja, iye gíráàmù 100 ni wọ́n kọ yẹn, kì í ṣe iye odindi ẹja. Ẹja tí wọ́n kọ yúrò 6 sí, tó bá wọn gíráàmù 800, yúrò 48 ni. Ẹ ní kí wọ́n gbé e wá kí ẹ rí i kó tó dé orí iná. Kí ojú rẹ̀ máa dán, kí ibi tó fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ́n dáadáa. Ẹ wá béèrè pé, “Quanto pesa?”, ìyẹn “Báwo ló ṣe wúwo tó?”, kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n. Àwọn ọmọ ìlú náà ń béèrè. Tí wọ́n bá fi àmì ìràwọ̀ sí oúnjẹ kan, èyí tó ti wọ yìnyín ni.

Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa jẹun níbẹ̀, spaghetti alle vongole ni kí ẹ pè, ìyẹn spaghetti tí wọ́n fi ẹran kéékèèké inú ìkarahun òkun sè. Áyù, òróró ólífì, ewé parsley àti omi oníyọ̀ tó jáde látinú ìkarahun ni ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi fọ́ọ̀kì fa ẹran kékeré inú ìkarahun náà yọ, kí ẹ ju èèpo sínú abọ́ òfìfo. Èyí tí kò bá la ẹnu, ẹ má fipá ṣí i. Ẹ má bèèrè wàràkàṣì sí i, adùn òkun ló máa bò mọ́lẹ̀. Spaghetti náà á le díẹ̀ lẹ́nu, bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹ fi búrẹ́dì nu ọbẹ̀ tó kù nínú àwo.

Ní Cetara, abúlé apẹja lẹ́bàá Amalfi, ẹ bèèrè colatura di alici. Omi tó ń kán látara ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi iyọ̀ tò sínú àgbá ni. Bí irú ló rí: òórùn rẹ̀ ń jà, ìba díẹ̀ sì tó gbogbo ìkòkò.

Wọn kì í gbé ìwé owó wá àfi tí ẹ bá ní, “Il conto, per favore.” Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá ìwọ̀n ẹja tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá èyí tí wọ́n sọ fún yín mu.