Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí ABR: Ẹ Má Tíì Pe Ọmọ Yẹn Ní Adití

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe tẹ́sìtì ABR (èyí tí wọ́n fi ń wo bí iṣan etí àti ìdí ọpọlọ ṣe ń dáhùn sí ìró) fún ọmọ ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé ìlà tẹ́jú pẹrẹsẹ lójú kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ pé ọmọ ò gbọ́ràn. ABR ò mọ̀ bóyá ọmọ gbọ́ àbí kò gbọ́ o, ohun tó ń wò ni bóyá iṣan etí àti ìdí ọpọlọ jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ìró dé. Tí kálukú bá ń dáhùn nígbà tó wù ú, ìlà á tẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ìró sì lè máa wọlé.

Ibẹ̀ gan-an ni auditory neuropathy ti ń mú èèyàn. Etí inú ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀, ọ̀nà tí ìró ń gbà dé ọpọlọ ló dàrú. Àṣìṣe tí mò ń rí jù ni pé wọ́n á fi klíkì (ìró kúkúrú) alternating, ìyẹn èyí tó ń títari tó sì ń fà sẹ́yìn ní ìdàkejì ara wọn, nìkan ṣe gbogbo ẹ̀, cochlear microphonic (iná tín-ín-rín tí etí inú fúnra ẹ̀ ń gbé jáde), tí ì bá jẹ́ ká mọ̀ pé etí inú ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, á wá pa ara ẹ̀ rẹ́ torí pé ó máa ń dorí kodò tí klíkì bá ti yí padà. Ẹ ṣe rarefaction (klíkì tó ń fà sẹ́yìn) lọ́tọ̀, ẹ ṣe condensation (èyí tó ń títari) lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ gbé ìlà méjèèjì léra. Tí ọ̀kan bá dorí kodò sí èkejì, tí àsìkò ẹ̀ ò sì pẹ́ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń dín ìró kù, cochlear microphonic nìyẹn, kì í ṣe igbi tí iṣan etí àti ìdí ọpọlọ ń gbé jáde. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fún ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé ìró lọ sétí pa, ẹ má yọ nǹkan kan, ẹ tún un ṣe. Tó bá ṣì wà, iná ẹ̀rọ lẹ̀ ń wò. (Èmi náà ti fi tayọ̀tayọ̀ pe iná ẹ̀rọ ní etí rí, ojú tì mí.)

Òmíì ni kí klíkì jáde dáadáa kẹ́ ẹ ní ó ti parí. Klíkì ò sọ púpọ̀ ju nǹkan bíi 2000 sí 4000 Hz lọ, ọmọ tí etí ẹ̀ ò gbé ìró tó nípọn lè yege níbẹ̀, torí ẹ̀ lẹ fi gbọ́dọ̀ ṣe tone burst (ìró kúkúrú olóhùn kan) 500 Hz náà. Igbi tiẹ̀ máa ń fẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ dé, tó bá jẹ́ mílísẹ́kọ́ndì 10 péré lẹ ṣí sílẹ̀ fún un, ẹ ò ní rí i.

"Kò sí igbi" àti "ariwo ò jẹ́ kí n rí igbi", ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n o. Ọmọ tó ń jà, awọ orí tí wọn ò fọ̀ dáadáa, impedance (bí awọ orí ṣe ń dí iná lọ́nà) tó ju 5 kΩ lọ, ẹ wá ka sweep (iye ìgbà tí ẹ̀rọ gba ìdáhùn sílẹ̀) dé 2000 ẹ dìde. Ẹ jẹ́ kọ́mọ sùn, kẹ́ ẹ ṣe ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán.

Ẹ má fi òdiwọ̀n àgbàlagbà wo ìkókó. Igbi V (igbi karùn-ún lójú ìlà) àgbà máa ń dé ní bíi mílísẹ́kọ́ndì 5.5 tí klíkì bá lọ sókè, ti ọmọ tuntun lè tó 7, àti pé nǹkan bí ọdún méjì ló máa ń gbà kó tó bá ti àgbà dọ́gba.

Iye dB nHL (bí ìró ṣe pọ̀ tó, tá a fi wé etí àgbàlagbà tó ń gbọ́ dáadáa) tẹ́ ẹ rí náà, ẹ má gbé e bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn láìyọ ìyàtọ̀ tó yẹ kúrò, ìró á pọ̀ jù fọ́mọ.

Látọdún 1976 ni Jerger àti Hayes, àwọn onímọ̀ nípa ìgbọ́ràn, ti sọ pé tẹ́sìtì kan ò gbọdọ̀ dá ẹjọ́. Ẹ ṣe OAE (tó ń wo ìró tí etí inú ń dá padà), ẹ ṣe tympanometry (tó ń wo bí awọ ìlù etí ṣe ń mì) 1000 Hz fún ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, kẹ́ ẹ bi ìyá ẹ̀ bóyá ó máa ń ta gìrì tó bá gbọ́ ariwo. Tí igbi ò bá wá jáde síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, pé kò sí igbi títí dé iye dB tí ẹ̀rọ yín lè gbé, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tún un ṣe sábẹ́ ẹ̀.