Bí mo ṣe bá opó kan ṣètò ogún ilé ọkọ rẹ̀ ní Èkó

Baálé kú láì kọ ìwé ìhágún. Ìwé ìgbéyàwó ni mo kọ́kọ́ béèrè. Kóòtù ni wọ́n ti ṣe é, nítorí náà òfin ogún Ìpínlẹ̀ Èkó ló máa pín in: ìdá kan nínú mẹ́ta fún ìyàwó, ìdá méjì fún àwọn ọmọ. Ká ní ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe ni, àwọn ọmọ ni ì bá jogún. Ìyá á kàn máa gbé inú ilé náà. Láti ẹjọ́ Sogunro-Davies ní 1929 ni kóòtù ti gba àṣà yìí wọlé. Ó ń dùn mí gan-an, torí ọ̀pọ̀ ìyá ló bá ọkọ ra sìmẹ́ǹtì ilé náà.

Ìwé ẹ̀rí ikú ti National Population Commission ni a mú lọ sí Probate Registry, ọ́fíìsì kóòtù tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti bójú tó dúkìá olóògbé. Ti ilé ìwòsàn nìkan kò tó. Wàhálà wà lára orúkọ: orúkọ ìbátisí ló wà nínú ìwé ikú, orúkọ àbísọ ló wà lórí rìsíìtì ilẹ̀. A búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni, a sì so ìwé ìbúra náà mọ́ fọ́ọ̀mù. Ẹ yẹ orúkọ wò kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Ọmọ kan kò tíì pé ọdún 18, torí náà alábòójútó dúkìá, ìyẹn àwọn tí ìwé àṣẹ náà máa wà lórúkọ wọn, kò gbọ́dọ̀ dín ní méjì, kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ. Àbúrò ọkọ fẹ́ wọlé, àmọ́ ìyàwó ló ṣíwájú lójú òfin. Orúkọ ìyá àti àkọ́bí ni mo kọ, pẹ̀lú gbogbo dúkìá àti àwọn oníduùró. Lẹ́yìn náà ni ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá lòdì sí i lè fi caveat, ìyẹn ìwé àtakò, dá ìwé àṣẹ náà dúró, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n bá mọ̀lẹ́bí ọkọ sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ibi tí ìwé àṣẹ ti jáde ni ọ̀pọ̀ ń dúró sí, bẹ́ẹ̀ alábòójútó ló sọ wọ́n dà, kì í ṣe onílé. A ṣe ìwé Assent tó dárúkọ ẹni tí ilé bọ́ sí lọ́wọ́ àti ìpín oníkálukú, àwọn alábòójútó fọwọ́ sí i, a sì lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Lands Registry ní Alausa. Bí wọn ò bá ṣe é, orúkọ olóògbé ni ẹni tó bá wá yẹ ilé wò yóò máa rí. Owó ilé tí ayálégbé ń san ń lọ sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, torí àwọn ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá wọn bí wọ́n bá dàgbà.