Ọjọ́ tí Màmá Ẹ̀pẹ́ mú wa rìn nínú igbó Lẹ́kì

Ìbéèrè kan ló gbé wa débẹ̀. Ìyá mi, tí àwọn ọmọ mi ń pè ní Màmá Ẹ̀pẹ́, ń pa àlọ́ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n dé ibi tí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, ti ń yọ́ wọ oko olóko, ni àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 4, bá dá wọn dúró: "Màmá, kí ni ń jẹ́ ìjàpá?" Ọmọ tó mọ orúkọ gbogbo ẹranko inú fóònù lédè Gẹ̀ẹ́sì ni o. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn. Mo ní tó bá di Sátidé, a ó lọ fi ojú rí i.

Ọgbà igbó Lẹ́kì ni mo mú, èyí tó wà ní ọ̀kánkán Chevron lójú títì tó lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí àwọn ará Èkó ń pè ní LCC. Ọdún 1990 ni Nigerian Conservation Foundation dá a sílẹ̀, hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ rẹ̀. Ilé ti yí i ká báyìí, àmọ́ bí èèyàn bá wọlé tó sì rìn síwájú díẹ̀, ariwo mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà, igbó á gba etí ẹni.

Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ṣètò. Ṣòkòtò gígùn, bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìpara tí ń lé ẹ̀fọn. Mo fún kálukú ní ike omi tirẹ̀ kó gbé e fúnra rẹ̀, nítorí ọmọ tó bá ní ẹrù lọ́wọ́ máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo sì din pọfúpọọ̀fù sínú àpò. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tá a fi jáde, kí gosiló má bàa ká wa mọ́nà, kí oòrùn sì tó mú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ọmọ kékeré lọ, ẹ má fi ti àárọ̀ ṣeré rárá. Tó bá di ọ̀sán, agbára wọn ti tán nìyẹn, ẹkún ló kù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ síbẹ̀, àfárá orí igi ni wọ́n ń sáré bá, èyí tó gùn tó mítà 401, tó máa ń mì lẹ́sẹ̀ èèyàn. Èmi ò mú wọn gùn ún. Orúnkún ń dun ìyá mi, ọwọ́ àbíkẹ́yìn mi ò sì tó okùn tí wọ́n ń dì mú dáadáa. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ yọ ìyẹn kúrò, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni nǹkan tí ọmọ ọdún 4 ń wá wà, níbi tí ojú òun fúnra rẹ̀ mọ. Ọ̀nà pákó tí wọ́n gbé sókè lórí àbàtà la gbà.

Àbíkẹ́yìn ni mo fi síwájú, ìyá mi tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 8 tẹ̀ lé wọn, èmi wà lẹ́yìn. Ibi tí èyí tó kéré jù bá dúró sí, gbogbo wa á dúró. Bí a ṣe ń rìn nìyẹn títí dé òpin. Omi abẹ́ pákó náà dúdú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, ewé tó ń jẹrà nínú rẹ̀ ló pa á láró. Ìyá mi nawọ́ sí igi kan tí imọ̀ rẹ̀ gùn rẹrẹ. "Ògùrọ̀ nìyẹn. Ara ewé rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ìko. Ìko yẹn la fi ń di aṣọ ká tó rì í sínú aró, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní àdìrẹ oníko." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra àdìrẹ oníko, mi ò sì mọ igi rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn ọmọ, ó kàn mí.

Ọ̀kùn ló dá wa dúró pẹ́ jù. Ó ń lọ jẹ́jẹ́ létí pákó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ru bí omi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Àkọ́bí mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń kà á. Mo ní kó wo oríkèé kan ṣoṣo dáadáa: ẹsẹ̀ méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Ó fọwọ́ kàn án, ọ̀kùn náà ká kò bí òrùka, omi ràkọ̀ràkọ̀ kan tó ń rùn sì tú sí i níka. Kíá ni ìyá mi di ọwọ́ náà mú: "Má fi nu ojú o!" Omi inú ike rẹ̀ la fi fọ̀ ọ́.

A dé ibi tí wọ́n ti ń wo irà, a dákẹ́ jẹ́ẹ́, à ń retí ọ̀nì. Ọ̀nì kò yọjú. Awọ́nríwọ́n kan là rí, tó na ara sílẹ̀ lórí ìtì igi.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni ti ọ̀bọ. Mi ò ti ẹnu àpò pa, àkọ́bí mi sì mú pọfúpọọ̀fù kan jáde láìsọ fún mi. Kó tó bù ú ṣán, ọ̀bọ kan ti já bọ́ láti orí ẹ̀ka, ó gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, ó padà sókè. Òkè orí wa gan-an ló jókòó sí, ó ń tì í sẹ́nu, ẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú pẹ̀kẹ̀, torí ó ní àpò níbẹ̀ tó ń fi oúnjẹ pa mọ́ sí. Jìnnìjìnnì bo ọmọ náà. Mo gbá a mọ́ra, mo sọ fún un pé ẹ̀bi tèmi ni. Ọ̀bọ tó bá ti mọ adùn oúnjẹ ọwọ́ èèyàn, ó lè ṣe ọmọ tó máa kọjá lọ́la léṣe. Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ jáde nínú àpò títí ẹ ó fi kúrò nínú igbó. Àbíkẹ́yìn ní tirẹ̀ ń wo ọ̀bọ náà bó ṣe ń lọ, ó kọsẹ̀, ó ṣubú, ó dìde láìsunkún, ó tún ń wò ó lọ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín: "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú."

Lẹ́yìn náà la kan ìjàpá. Àbíkẹ́yìn mi lóṣòó tì í, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ pé ibí là, ibẹ̀ là. Ìyá mi rán an létí àlọ́ tí Ìjàpá ti já bọ́ láti ọ̀run, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángá. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Mọ́mì, ó fọ́ lóòótọ́!"

Orí koríko gbalasa níta la ti jẹun. Mo rò pé ó ti tán, àfi bí ìyá mi ṣe fi ìka kan ewé wẹ́wẹ́ kan nínú koríko, tí ewé náà pa dé lójú wa.

"Ó ti sùn," àbíkẹ́yìn wí.

"Kò sùn. Itan ló pa mọ́. Patanmọ́ lorúkọ rẹ̀."

"Ìgbà wo ló máa là á?"

"Tí o bá fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́."

Mo ti kó ẹrù, mo ti so okùn bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ní ó yá. Ó ní ká dúró. Ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kó má bàa kàn án, ó lóṣòó tì í fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí ewé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, lẹ́yọ lẹ́yọ.