Bí A Ṣe Ń Ṣètò Agbára Ìjà fún Ẹ̀dá Ìtàn nínú Eré Tí A Ń Fi Ọ̀rọ̀ Ṣe

Nínú eré ìtàn àròsọ tí a ń fi ọ̀rọ̀ nìkan ṣe, ohun tí a kọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí àwòrán tí yóò fi hàn wá pé idà ba ẹnì kan tàbí pé kò bà á, bí òṣèré méjì bá sì ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣá èkejì, àkọsílẹ̀ agbára àwọn ẹ̀dá ìtàn wọn nìkan ni olùdarí eré lè ṣí wò. Nínú MUD, eré orí kọ̀ǹpútà tí Roy Trubshaw àti Richard Bartle ṣe ní Yunifásítì Essex lọ́dún 1978, ọ̀rọ̀ nìkan ló wà lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò ìjà. Níbi tí ènìyàn bá ti ń kọ̀wé sí ènìyàn, ẹni tó ṣètò agbára ló gbọ́dọ̀ ti ṣe ìṣirò náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fa idà yọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kan ṣoṣo tí agbára náà ń ṣe: ó ń jó ni, ó ń so ni mọ́lẹ̀, ó ń ti ni sẹ́yìn, tàbí ó ń wo ọgbẹ́ sàn. Bí ẹ bá ti ní láti sọ pé “ó sì tún” lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó ṣàlàyé rẹ̀ tán, agbára mẹ́ta ni ẹ dì sínú orúkọ kan, ẹni tí yóò bá yín jà kò sì ní mọ èyí tí òun yóò kọ́kọ́ yẹra fún. Orúkọ lè dúró di ìgbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọwọ́ gbogbo wa máa ń yá sí jù.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Oṣó kan wà tó lè fi òjìji ènìyàn so onítọ̀hún mọ́lẹ̀. Agbára náà ń jẹ́ Okùn Òjìji. Bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́ rèé: “Okùn Òjìji ń de alátakò mọ́lẹ̀ fún ìyípo 3, alátakò kò sì ní lè ṣe ohunkóhun.” Ó dùn ún kà, àmọ́ ó ba ìjà àkọ́kọ́ tí mo ti lò ó jẹ́ pátápátá. Nínú irú eré yìí, ìyípo kan lè gba odidi ọjọ́ kan kí gbogbo ènìyàn tó kọ tiwọn tán, nítorí náà ìyípo 3 tí ẹ̀dá ìtàn fi wà ní dídè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tí ẹni tó ni ín fi ń wo àwọn yòókù níran. Kì í ṣe oṣó mi ni alátakò mi bínú sí, èmi gan-an ni, n kò sì lè bá a wí.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni pé kí ẹni tí a dè ṣì ní ohun tó lè ṣe. Okùn náà di ẹsẹ̀ nìkan mú. Onítọ̀hún lè ta ọfà, ó lè pe ọfọ̀, kò kàn lè kúrò lójú kan ni. Àtúnṣe kejì ni ọ̀nà àbáyọ, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ yìí ti ń dùn. Inú ohun tó ń mú agbára ṣiṣẹ́ ni kí ẹ ti wá ohun tí yóò tú u. Níbi tí kò bá sí ìmọ́lẹ̀, kò sí òjìji. Ẹni tí okùn mú lè fọ́ fìtílà, ó lè da omi sí iná, ó lè fara dà á títí ìkùukùu yóò fi bo òṣùpá. Oṣó náà pẹ̀lú yóò máa wá bí iná yóò ṣe ràn lẹ́yìn ọ̀tá rẹ̀, kí òjìji ọ̀tá náà lè gùn dé ọ̀dọ̀ òun. Ìlà kan péré nínú àkọsílẹ̀ ti sọ iná, àkókò àti ojú ìjà di ohun ìjà fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà àbáyọ bá jẹ́ “àyàfi ẹni tí agbára rẹ̀ ju tèmi lọ”, kí ni alátakò fẹ́ kọ sí i ju pé agbára tòun pọ̀?

Ohun tí agbára náà yóò ná ẹni tó ń lò ó ló kàn. Ó lè jẹ́ okun, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jẹ́ àyè: Okùn Òjìji, fún àpẹẹrẹ, so oṣó pàápàá mọ́ ojú kan. Ẹ ṣọ́ra fún àkókò ìsinmi, torí ó máa ń tanni jẹ. Ẹ wo idà tó ń ṣe ọṣẹ́ 10 ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo àrá tó ń ṣe ọṣẹ́ 30 ṣùgbọ́n tó gbọ́dọ̀ sinmi fún ìyípo 2 kí a tó tún lò ó. Ó jọ pé wọ́n dọ́gba, nítorí 30 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe nínú ìyípo 3. Àmọ́ ẹni tó ní àrá kò ní káwọ́ gbera nígbà tí àrá ń sinmi. Yóò fa idà yọ, ọṣẹ́ rẹ̀ yóò sì di 50 nígbà tí ti onídà ṣì wà ní 30. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà náà, pé ọwọ́ tó bá ju àrá máa ń kú fún ìyípo 2, kò sì lè di idà mú.

Bí eré yín bá ń lo dáìsì, ìyẹn ọmọ ayò olójú púpọ̀ tí a ń jù kí iye tó bá jábọ́ lè sọ bóyá ohun tí a dáwọ́ lé yọrí, ẹ mọ irú èyí tí ẹ gbé kalẹ̀. Lórí dáìsì olójú 20, ojú kọ̀ọ̀kan ní ìdá 5 nínú 100, nítorí náà bí agbára kan bá fi àfikún 1 kún iye tó jábọ́, ìdá 5 kan náà ló sábà máa ń fi kún àǹfààní ẹnikẹ́ni. Lórí dáìsì olójú 6 méjì tí a dà pọ̀, ọ̀nà 36 ni wọ́n lè gbà jábọ́: ẹni tó ń wá 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀nà 15, bí a bá sì fún un ní àfikún 1, ọ̀nà rẹ̀ di 21. Àfikún tí ẹ rò pé ó kéré ti yí ìjà padà.

Àbò tí a ń rò pọ̀ tún máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí asà bá dín ọṣẹ́ kù ní ìdajì, tí ẹ̀wù idán tún dín in kù ní ìdajì, ẹni tó bá ro ìdajì méjì náà pọ̀ yóò sọ pé nǹkan kan kò lè ba òun mọ́. Ẹ kọ ọ́ gbangba pé èyí tí asà bá ṣẹ́kù ni ẹ̀wù yóò pín: 20 di 10, 10 di 5.

Bí a ṣe ń kọ agbára náà lójú ìjà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ìgbìyànjú ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi àbájáde sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ ń bá jà. “Oṣó fi ọ̀pá tẹ òjìji mọ́lẹ̀, okùn dúdú sì rápálá lọ sí ọrùn ẹsẹ̀ onídà” fi àyè sílẹ̀ fún èsì. “Okùn dúdú de onídà, jìnnìjìnnì sì bò ó” ti gba ẹ̀dá ìtàn lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Agbára mẹ́ta tó fún ẹ̀dá ìtàn tuntun. Kí ẹ tó gbé wọn jáde, ẹ fi ìwé àti bírò ja ìjà mẹ́wàá fúnra yín, kí ẹ máa ṣeré fún ìhà méjèèjì, kí ẹ má sì ṣàánú ìhà kankan. Ìyípo 4 sí 6 ni mo fẹ́ kí ìjà gbà. Bí agbára kan bá ń ṣáájú nínú gbogbo ìjà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ohun tó ń ná ti kéré jù. Bí ọwọ́ yín kò bá sì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ rárá, ó wọ́n jù. Okun 2 ni Okùn Òjìji kọ́kọ́ ń ná mi, mo sì ń lò ó bí ẹni ń mumi. Bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀ mi báyìí nìyí: “Okùn Òjìji ń ná okun 4 nínú 10. Ó ń di ẹsẹ̀ ẹnì kan tí òjìji rẹ̀ kan ti oṣó mú fún ìyípo 1. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ọṣẹ́. Ó tú bí ìmọ́lẹ̀ tó bí òjìji náà bá kú, tàbí bí oṣó bá gbé ẹsẹ̀.”