Bí A Ṣe Ń Dán Ohun Tí AI Ń Lépa Wò, Lọ́tọ̀ sí Ọgbọ́n Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ọgbọ́n AI, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ tó gba ìrònú, bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èrò rere rẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2012, Nick Bostrom, onímọ̀ ọgbọ́n orí, là á kalẹ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìwọ̀n ọgbọ́n tí kò lè bá àfojúsùn yòówù gbé inú ẹ̀rọ kan náà. Ohun tó sọ ni pé ó ṣeé ṣe. Kò sọ pé gbogbo wọn ló máa wọ́pọ̀ bákan náà. Nítorí náà, ẹni tó ń yẹ AI wò gbọ́dọ̀ ya ìbéèrè méjì sọ́tọ̀: Kí ló lè ṣe? Kí ló ń lépa? Ìdánwò tó dáhùn ti àkọ́kọ́ kò tíì sọ nǹkan kan nípa èkejì.

Ibi tó dáa láti bẹ̀rẹ̀ ni sọ́fítíwíà chess kékeré tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Apá kan ń to gbogbo ìṣísẹ̀ tí òfin eré gbà, apá kejì ń wo iwájú láti mọ ibi tí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa já sí, apá kẹta ń fún ojú pátákó ní máàkì. Apá kẹta yìí ni àfojúsùn wà. Fi àmì ìyọkúrò ṣíwájú máàkì tó ń gbé jáde, má fọwọ́ kan ìyókù. Á ṣì máa ronú jìnnà bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ bó ṣe máa pàdánù ni yóò máa wá.

Àṣìṣe méjì ló sábà ń wáyé níbí. Nínú ọ̀pọ̀ irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀, apá kejì ni wọ́n kọ máàkì checkmate (ìgbà tí ọba kò ríbi sá sí mọ́, tí eré sì parí) sí. Bó o bá yí ti apá kẹta nìkan padà, á máa fi àwọn ọmọ eré rẹ̀ ṣòfò, síbẹ̀ á máa sá fún checkmate. Yí méjèèjì padà. Ìkejì, sọ́fítíwíà náà á máa rò pé alátakò rẹ̀ pẹ̀lú fẹ́ pàdánù. Bí alátakò yẹn bá ń wá bó ṣe máa borí, eré á parí kíákíá, wàá sì rò pé ọgbọ́n ti tán nínú ẹ̀rọ. Fi í sídìí eré pẹ̀lú òmíràn tó fẹ́ pàdánù bíi tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ọ́ṣe rẹ̀ á ti hàn.

AI tó fúnra rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ kò ní ojú ibi tí èèyàn lè fi àmì sí. Ìwà rẹ̀ la ní láti wò. Kọ ohun tó o fẹ́ kó lépa sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà, to gbogbo ohun tó máa ń bá a rìn nígbà ẹ̀kọ́ sábẹ́ rẹ̀, kó o wá ṣe ìdánwò tí ìkọ̀ọ̀kan wọn á ti yà kúrò lára rẹ̀.

Eré kọ̀ǹpútà CoinRun jẹ́ ká rí bó ṣe ń rí, nínú ìwádìí tí Lauro Langosco àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2022. Iṣẹ́ AI inú eré náà ni pé kó lọ mú owó ẹyọ kan. Nígbà ẹ̀kọ́, ìpẹ̀kun ọ̀tún ni owó ẹyọ náà máa ń wà. Nígbà tí wọ́n gbé e síbòmíì, AI náà fo kòtò, ó yẹra fáwọn ọ̀tá, ó sì sáré kọjá lára owó lọ sí ìpẹ̀kun. Ká ní ó já sí kòtò ni, à bá ní kò mọṣẹ́. Àmọ́ ó mọṣẹ́ dáadáa, ibòmíì ló doríkọ. Àmì tó yẹ kó o máa wá gan-an nìyẹn: iṣẹ́ tó já fáfá lójú ọ̀nà tí kò tọ́. Torí náà, má ṣe da máàkì pọ̀: ka iye ìgbà tó dé ìpẹ̀kun, kó o sì ka iye ìgbà tó mú owó lọ́tọ̀. Pípa ibi tí owó wà dà nínú díẹ̀ lára àwọn ìpele ẹ̀kọ́ máa ń dín àṣìṣe yìí kù.

Máàkì fúnra rẹ̀ lè ṣini lọ́nà. Ní 2016, OpenAI, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe AI, kọ́ AI kan ní CoastRunners, eré ìdíje ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ pé àwọn ohun tí ọkọ̀ bá kọ lù lójú ọ̀nà ló ń fúnni ní máàkì. Ọkọ̀ náà ń yí po lójú kan, ó ń kọ lu àwọn ohun mẹ́ta tó ń padà yọ, iná ń jó lára rẹ̀, kò parí ìdíje. Síbẹ̀ máàkì rẹ̀ fi nǹkan bí 20% ju ti àwọn èèyàn lọ. Bí ẹ̀rọ bá ṣe mọ máàkì í wá tó, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo tó wà láàárín máàkì àti ohun tá a fẹ́ gan-an ṣe lè fẹ̀ tó. Máa fi ẹ̀dà AI náà pa mọ́ bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ, kí èèyàn máa wo iṣẹ́ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì rẹ̀. Bí máàkì bá ń lọ sókè tí ẹni tó ń wò ó kò sì rí iṣẹ́ tó dáa, dá ẹ̀kọ́ náà dúró.

Má gbára lé bíbi í léèrè ohun tó ń lépa. Bó bá ṣe gbọ́n tó ló ṣe máa mọ ìdáhùn tó o fẹ́ gbọ́ tó.

Ohun kan tó tún máa ń rúni lójú ni AI tí kò fẹ́ kí wọ́n pa òun, tàbí tó ń kó agbára kọ̀ǹpútà jọ. Steve Omohundro, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti ṣàlàyé ní 2008 pé irú nǹkan báyìí ń ran ọ̀pọ̀ jù lọ àfojúsùn lọ́wọ́, torí náà kò fi hàn pé nǹkan yẹn gan-an ni ẹ̀rọ náà ń lépa. Gbé iṣẹ́ méjì tí àfojúsùn wọn tako ara wọn fún un, ní àyíká kan náà. Bó bá ṣe é nínú méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà lásán tó ń gbà dé ibi tó ń lọ. Bó bá jẹ́ inú ọ̀kan péré ni, padà lọ wo ohun tó wà nínú iṣẹ́ yẹn tí kò sí nínú èkejì.