Bí Mọ́mì tó dá NGO àwọn akàndá sílẹ̀ ṣe lè gbé ipò sílẹ̀ tí iṣẹ́ ò ní dàrú

Ẹ má dúró dìgbà tí àìsàn bá dá Mọ́mì dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa wá arọ́pò o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní bí ọdún kan ṣáájú, torí ìwé ìjọba nìkan tó yín ṣe.

CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ àti iléeṣẹ́ sílẹ̀, lẹ máa kọ́kọ́ yanjú. Pé ẹ̀ ń pe ẹnì kan ní dáírẹ́kítọ̀ ò sọ ọ́ di trustee, ìyẹn alábòójútó tí orúkọ ẹ̀ wà lọ́wọ́ CAC, lójú ìjọba, ẹ máa ṣèpàdé, ẹ máa kọ ìpinnu yín sílẹ̀, ẹ máa gbé e sínú ìwé ìròyìn méjì, kẹ́ ẹ wá fún ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó láyè ọjọ́ 28. Lẹ́yìn ìyẹn ni báńkì, kẹ́ ẹ yí àwọn tó ń sáìn padà, wọ́n á sì béèrè ìwé SCUML, ìyẹn ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ àwọn tó ń fi ẹgbẹ́ bo owó jìbìtì, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ gba páásíwọọ̀dù ímeèlì àti Facebook náà, mo mọ ibì kan tó jẹ́ pé orí fóònù ọmọ Mọ́mì ni gbogbo ẹ̀ wà, ọmọ ọ̀hún sì ti jápa.

Ìpàdé tẹ́ ẹ ti máa yan èèyàn gan an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má ṣe é lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹ́ ẹ wá máa gbé àwọn tó ń lo wíìlíṣíà bí àpò ìrẹsì. Àwọn tí ò ríran, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù wọn ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, fóònù á kà á fún wọn, ṣùgbọ́n kó jẹ́ Word o, kì í ṣe bébà tẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp. Tó bá dorí ìbò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá wọn tẹ̀ka. Àwọn tí ò gbọ́ràn ńkọ́? Ẹ sanwó fún ògbufọ̀ èdè ọwọ́ tó mọṣẹ́, kẹ́ ẹ sì ní jẹnẹrétọ̀ nílẹ̀, torí tí NEPA bá múná lọ lálẹ́, ẹ̀yin ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, tiwọn ti parí, ọwọ́ ò hàn mọ́.

Òfin àwọn akàndá tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2019 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba gba akàndá síṣẹ́, ó kéré tán 5 nínú 100 òṣìṣẹ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Tẹ́yin ò bá ní ẹyọ kan nínú bọ́ọ̀dù yín, ẹnu wo lẹ fẹ́ fi bá ìjọba wí? Àmọ́ ẹ má torí wíìlíṣíà nìkan yan èèyàn sha, kó mọ ìṣirò owó.

Mọ́mì fúnra wọn ló máa ń le jù. Wọ́n á ti lọ sílé, akáǹtáǹtì á ṣì máa pè wọ́n láàárọ̀ kó tó ra dísù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ni ìyá ẹgbẹ́, wọn ò fọwọ́ kan sọwédowó mọ́, kí wọ́n sì mú ẹni tuntun dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó ń fún yín lówó kí wọ́n tó lọ.

Tí ẹni tuntun bá wá fẹ́ ṣí ẹ̀ka síbòmíì ńkọ́, bí Ògbómọ̀ṣọ́? Owó oṣù mẹ́fà fún gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní báńkì kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹ̀ rárá.